Ẹ Tẹ̀lé Omi: Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ Òkè, Odò, Ọ̀sà àti Òkun Lórúkọ

Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé ló lè ka ìtumọ̀ erékùṣù lórí láìkọsẹ̀, àmọ́ tí ẹ bá gbé wọn dé orí afárá Third Mainland l'Ékòó tí ẹ ní kí wọ́n nàka sí ọ̀kan, wọ́n á kàn máa wò yín lójú ni. Ẹ̀bi wọn kọ́. Òkè tó wà nínú ìwé wọn, òkè tí yìnyín bò lórí ni. Odò inú ìwé náà, odò ìlú àwọn ẹlòmíràn ni. Ẹni tó sì ń jí rí àpáta Olúmọ láràárọ̀ kò ronú kàn án pé ohun tí wọ́n ń kọ́ òun ní jọ́gíráfì ló wà lójú fèrèsé òun yẹn.

Ọ̀nà tí èmi fi ń kọ́ ẹni tó bá béèrè kò le: ẹ tẹ̀lé omi. Òjò tó rọ̀ sórí òkè kan l'Ékìtì yóò ṣàn lórí àpáta, yóò wọ inú ilẹ̀, yóò jáde ní ìsun, yóò di odò, yóò dé ọ̀sà, yóò sì bá òkun lọ. Gbogbo orúkọ tí ẹ nílò wà lójú ọ̀nà yẹn, kò sì sí èyí tí omi kò lọ́wọ́ sí nínú wọn. Odò Ọ̀ṣun ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ jù, nítorí pé ó bẹ̀rẹ̀ lágbègbè Ìgèdè-Èkìtì, ó sì parí sí ọ̀sà Lẹ́kí. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ bá wà ni kí ẹ ti ṣe é, ìbáà ṣe Ṣakí, ìbáà ṣe Kétu, ìbáà ṣe Pọ́tò-Nófò.

Ẹ mú ìwé àti pẹ́ńsù dání, igi kan tó tọ́ tó gùn tó apá yín, ike omi méjì tí ẹ lè rí inú rẹ̀, fóònù tó ní máàpù, àti ọsàn kan. Ẹ má jẹ ọsàn yẹn o, iṣẹ́ ń dúró dè é létí odò.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ibi tí ẹ kọjú sí

Ẹ wá ibi gíga tó ṣí sílẹ̀. Ní Ìbàdàn, òkè Máàpó dára gan-an, nítorí pé ẹ lè rí òkè àti àfonífojì lápá gbogbo. Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ẹ ri igi yẹn mọ́lẹ̀ kó dúró ṣánṣán. Ẹ fi òkúta kékeré sí ibi tí orí òjìji igi náà dé. Ẹ dúró fún ogún ìṣẹ́jú. Òjìji á ti sún. Ẹ fi òkúta kejì sí ibi tó dé báyìí, kí ẹ sì fa ìlà láàárín òkúta méjèèjì. Ti àkọ́kọ́ wà ní ìwọ̀-oòrùn, ìkejì wà ní ìlà-oòrùn. Bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ òsì lé òkúta àkọ́kọ́, tí ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé ìkejì, iwájú yín ni àríwá, ẹ̀yìn yín ni gúúsù.

Ẹnìkan á ní ṣebí ibi tí oòrùn bá ti yọ náà ni ìlà-oòrùn, kí ni gbogbo wàhálà yìí fún? Oòrùn kì í yọ lójú kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Ní oṣù Kẹfà ó máa ń yà sí apá àríwá díẹ̀, ní oṣù Kejìlá ó máa ń yà sí apá gúúsù. Igi àti òjìji máa ń sún mọ́ òótọ́ jù ú lọ.

Ẹ nílò àríwá àti gúúsù nítorí pé kì í ṣe ibì kan náà ni gbogbo omi ilẹ̀ Yorùbá ń lọ. Ọ̀ṣun, Ògùn àti Yewa ń ṣàn lọ sí gúúsù. Àsà tó gba àárín Ìlọrin kọjá ń ṣàn lọ sí àríwá, ọ̀dọ̀ odò Ọya, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Niger, ló sì ń lọ. Ilẹ̀ gíga tó wà láàárín wọn ni ibi tí omi ti ń pínyà. Òjò kan náà lè rọ̀ síbẹ̀, kí apá kan gba ọ̀dọ̀ ọ̀sà lọ tààrà, kí apá kejì bá Ọya rìn yí ká gba Lọ́kọ́ja kó tó dé òkun. Ládùúgbò yín náà, irú ibi bẹ́ẹ̀ wà: ẹ wo àgbàrá tó ń ṣàn nígbà òjò, ẹ máa rí títì kan tí omi ń sá lọ sọ́tùn-ún sá lọ sósì láti orí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ya òkè sọ́tọ̀ kúrò lára àpáta

Òkè ni ilẹ̀ tó ga ju àyíká rẹ̀ lọ, ìbáà jẹ́ erùpẹ̀, ìbáà jẹ́ òkúta. Àpáta ni òkúta ńlá tí ìdí rẹ̀ ṣì wà nínú ilẹ̀. Èyí tó ti já kúrò lára rẹ̀ la ń pè ní òkúta. Òkè kékeré tí ọmọdé lè sáré gùn, gegele ni. Ilẹ̀ tó tẹ́ lọ bẹẹrẹ ni pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ tó lọ sílẹ̀ láàárín òkè méjì ni àfonífojì, àmọ́ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá dá ṣánṣán tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì jìn, ọ̀gbun ni. Ilẹ̀ kan tún wà tó ga tán tí orí rẹ̀ wá tẹ́ pẹrẹsẹ, irú èyí tí ìlú Jọs tẹ̀dó sí. Ẹni tó bá wà lórí rẹ̀ lè má mọ̀ pé òun wà lókè, àfi bí òtútù bá mú un.

Bí ẹ bá ráyè dé Ìdànrè, ẹ má kàn gun àtẹ̀gùn dé òkè kí ẹ ya fọ́tò kí ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fi ojú sún mọ́ ara àpáta náà. Ẹ máa rí wóró funfun, wóró dúdú, àti èyí tó ń dán nígbà tí oòrùn bá kàn án, gbogbo wọn lẹ̀ mọ́ra. Ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, òkúta yíyọ́ tó gbóná gidigidi ni, nísàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún. Ó tutù díẹ̀díẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn wóró náà ráyè dàgbà débi tí ojú lè rí wọn. Òjò àti oòrùn wá ń jẹ ilẹ̀ tó bò ó mọ́lẹ̀, títí tó fi yọrí síta. Nítorí náà àpáta Ìdànrè kò hù sókè rí. Ilẹ̀ tó yí i ká ló lọ.

Nísinsìnyí tó ti wà níta, òun náà ń jẹ tirẹ̀. Ẹ wá ibi tí ara rẹ̀ ti ń ṣí ní ìpele-ìpele bí èèpo àlùbọ́sà. Bí ẹ bá fi òkúta kékeré kan kan ìpele tó ti ṣí yẹn, ó máa dún bí ohun tó ṣófo nínú. Ẹrù ilẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀ ti kúrò lórí rẹ̀, ara rẹ̀ ń tú. Oòrùn ọ̀sán àti òtútù òru sì ń bá a ṣe é. Èyí tó bá já máa ń yí lọ sí ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni òkúta gbàgẹ̀rẹ̀ tó kún ẹsẹ̀ òkè ti wá.

Wọ́n máa ń bi mí bóyá Ìdànrè tàbí Olósùnta n'Ìkẹ́rẹ́ lè bú gbàmù lọ́jọ́ kan. Rárá. Òkè ayọnáyèéfín ni irú tó máa ń bú, èyí tó sì wà nítòsí wa ni òkè Kamẹrúùnù, tó yọ iná lọ́dún 1999. Ìmìtìtì ilẹ̀ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ ni: ilẹ̀ ti mì díẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́dún 1984 àti lágbègbè Abẹ́òkúta lọ́dún 2009, kò sì ba nǹkan jẹ́ tó ti ìlú míì.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ ṣí máàpù orí fóònù yín, kí ẹ yan èyí tó ń fi òkè àti àfonífojì hàn. Ẹ sún un mọ́ra dáadáa, àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan á yọ. Ìlà kọ̀ọ̀kan so àwọn ibi tí gíga wọn dọ́gba pọ̀. Níbi tí wọ́n bá ti fún mọ́ra, ẹ̀gbẹ́ òkè yẹn dá gan-an, ẹsẹ̀ yín á sọ fún yín bí ẹ bá gùn ún. Níbi tí wọ́n bá ti jìnnà síra, ilẹ̀ tẹ́. Níbi tí ìlà bá sì ti tẹ̀ ṣóńṣó tó kọjú sí apá òkè, àfonífojì ni, ó sì ṣeé ṣe kí omi wà níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ bu erùpẹ̀ sọ́wọ́

Ilẹ̀ tí omi bá gbà kọjá ló máa sọ bóyá omi yóò wọlẹ̀, tàbí yóò dúró, tàbí yóò sáré. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ ta omi sí i, ẹ pò ó, kí ẹ wá yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì kó gùn. Bí kò bá dì mọ́ra rárá tó ń dà nù, iyanrìn ni. Bí ó bá yí tó gùn tó ìka láìdá, tó sì lẹ̀ mọ́ ọwọ́, amọ̀ ni, irú èyí tí àwọn amọ̀kòkò ń wá kiri. Bí ó bá dúdú tó fúyẹ́, tí ewé jíjẹrà sì wà nínú rẹ̀, ilẹ̀dú ni, ẹ má fi kọ́lé, ẹ gbin nǹkan sí i. Èyí tó pupa tí ẹ máa ń rí bí wọ́n bá ń gbẹ́ kànga ni ilẹ̀pa. Yangí ni èyí tó ti le di òkúta, tó pupa, tó ní ihò kéékèèké lára. Irin tó wà nínú rẹ̀ ló dípẹtà tó fi pọ́n bẹ́ẹ̀.

Omi máa ń wọ inú iyanrìn kíá. Lórí amọ̀, ó máa ń dúró. Èyí tó wọlẹ̀ la máa lọ bá nínú kànga, èyí tí kò wọlẹ̀ tó ń sáré lórí ilẹ̀ sì ni àgbàrá. Níbi tí àgbàrá bá ti ń gba ojú kan náà lọ́dọọdún tí koríko kò sì dì í mú, yóò gbẹ́ ilẹ̀ di kòtò gbọọrọ. Wọ́n á ní ọ̀gbàrá ti wọ́ ilẹ̀ lọ.

Tí ẹ bá ń gba Ewékorò kọjá ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ẹ rántí pé òkúta tí wọ́n ń wà níbẹ̀ fi ṣe sìmẹ́ǹtì, ìkarahun àti egungun ohun abẹ̀mí inú òkun ló dì di òkúta. Òkun ti dé ibẹ̀ rí, ó sì ti padà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ bá odò rìn

Ìsun ni ibi tí omi abẹ́ ilẹ̀ ti jáde fúnra rẹ̀. Ṣẹ́lẹ̀rú ni àwọn míì ń pè é. Ní Ìkọ́gòsì-Èkìtì, ìsun méjì wà tó sún mọ́ra, ọ̀kan lọ́wọ́ọ́wọ́, èkejì tutù, wọ́n sì pàdé. Ẹ lè ki ẹsẹ̀ kan bọ ibí kí ẹ ki ìkejì bọ ọ̀hún. Èyí tó lọ́wọ́ọ́wọ́ ti wọ ilẹ̀ lọ jìnnà, ó dé ibi tí àpáta ti gbóná, kó tó wá ọ̀nà gba àárín àpáta jáde. Ibi tí odò bá ti bẹ̀rẹ̀ ni orísun rẹ̀. Ìsun lè jẹ́ orísun, abàtà lásán náà lè jẹ́ ẹ.

Láti orísun, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ bá odò lọ. Ibi tó bá ti bọ́ láti orí àpáta tó le sórí ibi tó rọ̀, yóò máa gbẹ́ ibi tó rọ̀ yẹn títí omi á fi máa já wálẹ̀ láti òkè. Olúmìrìn ní Èrìn-Ìjẹ̀ṣà jẹ́ irú rẹ̀, ìpele méje ni wọ́n sì máa ń kà á sí. Ẹni tó bá dé ìpele kìíní tó padà kò tíì rí i.

Odò tó bá wọ inú odò míì ni ẹ̀ka rẹ̀. Èrìnlẹ̀ àti Ọ̀bà jẹ́ ẹ̀ka Ọ̀ṣun. Ibi tí odò méjì ti pàdé ṣe pàtàkì lórí máàpù, èyí tí gbogbo Nàìjíríà sì mọ̀ ni Lọ́kọ́ja, níbi tí Ọya ti pàdé Bẹ́núé. Ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi ni bèbè odò. Bí ẹnìkan bá sọ pé ọkọ̀ wà ní bèbè ọ̀tún, ibi tí omi ń lọ ni kí ẹ kọjú sí kí ẹ tó wá ọwọ́ ọ̀tún yín. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀yin àti onítọ̀hún á máa wá ara yín kiri.

Ọsàn yín dà? Ẹ rin ìgbésẹ̀ mẹ́wàá létí odò, ẹ fi igi sàmì sí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Ẹ ju ọsàn sínú omi lókè àmì àkọ́kọ́, kí ẹ máa ka ìṣẹ́jú àáyá láti ìgbà tó bá kọjá àmì kìíní títí tó fi kọjá ìkejì. Ọsàn dára ju ewé lọ fún iṣẹ́ yìí nítorí pé ó máa ń rì díẹ̀, afẹ́fẹ́ kò lè máa tì í kiri. Ẹ ṣe é ní ibi tí odò tọ́, kí ẹ tún ṣe é níbi tó ti tẹ̀, kí ẹnìkan dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú igi gígùn láti fà á padà. Ẹ ò ní pẹ́ rí i pé níbi tó bá ti tẹ̀, omi máa ń sáré lápá ìta, ó sì máa ń rọra lọ lápá inú. Ìdí nìyí tí bèbè fi ń wó lápá ìta, tí iyanrìn sì ń pé jọ lápá inú. Àwọn tó ń wa iyanrìn odò mọ̀ bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n kà á nínú ìwé.

Ẹ wá pọn omi odò sínú ike kan. Ẹ gbé e síbi tí kò ní mì títí di ọjọ́ kejì. Iyanrìn á kọ́kọ́ rì, ẹrẹ̀ á bò ó, omi tó mọ́ á wà lókè. Ohun tí odò ń rù nìyẹn. Ní ọdún àìpẹ́ yìí omi Ọ̀ṣun ti yí padà di aláwọ̀ ẹrẹ̀ nítorí àwọn tó ń wa wúrà láìgbàṣẹ lókè odò nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tí wọ́n ń fọ ilẹ̀ sínú rẹ̀. Ẹni tó bá gbé ike rẹ̀ sílẹ̀ dọ́jọ́ kejì ní Òṣogbo máa rí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ wá ibi tí omi ń fẹ̀ sí

Bí ẹ kò bá ní ráyè ṣe ju ìgbésẹ̀ kan lọ nínú gbogbo èyí, ẹ ṣe ti ibí yìí, pàápàá tí ẹ bá fẹ́ ra ilẹ̀.

Pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, tí odò máa ń kún bò, ti odò ni, ìbáà ti ní ilé lórí, ìbáà má tíì ní. Àwọn àgbà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń dá oko àkùrọ̀ síbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á gbin ẹ̀fọ́ àti àgbàdo, nítorí pé ẹrẹ̀ tí odò gbé wá lọ́ràá, omi sì wà nítòsí. Òjò bá dé, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún odò. Ìlú wá ń fẹ̀, ẹni tó ń ta ilẹ̀ kò sì sọ àkùrọ̀ fún ẹni tó ń rà á. Ògùnpa tó gba àárín Ìbàdàn kọjá, odò kékeré ni. Ní ẹ̀ẹ̀rùn ẹlòmíì kì í kà á sí. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, ó kún, ó gbé ilé, gbé ọkọ̀, ó sì gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011, ìkún omi tún ṣọṣẹ́ ní Ìbàdàn kan náà. Èyí táwọn ará Ìṣẹ̀rí àti Àjégúnlẹ̀ lọ́nà Ìkòròdú mọ̀ jù ni Ògùn, tó máa ń kún dé ẹnu ilẹ̀kùn wọn nígbà tí wọ́n bá tú omi sílẹ̀ ní dáàmù Ọ̀yán.

Nítorí náà kí ẹ tó sanwó, ẹ lọ wo ilẹ̀ náà fúnra yín, kí ẹ sì lọ lásìkò òjò. Ẹ wo ara fẹ́ǹsì àwọn aládùúgbò: bí àmì ẹrẹ̀ bá fa ìlà gbọọrọ káàkiri lójú kan náà, ibi tí omi dé nìyẹn. Ẹ wo igi tó ń hù níbẹ̀. Igi ògùrọ̀ àti esùsú kì í hù níbi gbígbẹ, bó ti wù kí wọ́n da iyanrìn sí ẹ̀gbẹ́ wọn tó. Ihò akàn nínú ilẹ̀, ẹ ò nílò ẹ̀rí míì. Ẹ yọjú wo kànga tó sún mọ́ ibẹ̀; bí ẹ bá lè fi korobá bu omi rẹ̀ láìlo okùn gígùn, ìpìlẹ̀ ilé yín máa wà nínú omi. Ẹ wá bi ìyá tó ń dín àkàrà ní ìkóríta bóyá omíyalé máa ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Òun ni kí ẹ bi o, kì í ṣe ẹni tó ń ta ilẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ bá a dé òkun

Adágún ni omi tó jókòó sójú kan tí ilẹ̀ yí ká. Ọ̀kan wà lórí òkè ní Adó-Àwáyè, Ìyákẹ̀ ni wọ́n ń pè é, ẹni tó bá gun òkè yẹn dé ibẹ̀ á ya ẹnu, kò retí omi lórí àpáta. Àwọn adágún tó pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa, ọwọ́ èèyàn ló ṣe wọ́n: wọ́n di odò lójú, omi sì kún sẹ́yìn dáàmù, bíi ti Àsẹ́jíré lórí Ọ̀ṣun.

Ọ̀sà kì í ṣe adágún. Ó wà lẹ́bàá òkun, ilẹ̀ oníyanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ ló sì dá òun àti òkun sí méjì, àmọ́ ó ní ibi tí wọ́n ti ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀ṣun wọ inú ọ̀sà Lẹ́kí, ọ̀sà Lẹ́kí so mọ́ ọ̀sà Èkó, ọ̀sà Èkó sì gba ẹnu kan ṣoṣo jáde sí òkun, ibi tí ọkọ̀ òkun ń gbà wọ èbúté. Omi odò àti omi iyọ̀ ń dà pọ̀ nínú rẹ̀: lásìkò òjò, odò máa ń lékè, ní ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ máa ń wọlé. Ilẹ̀ tó rọ̀ tí omi kì í kúrò lórí rẹ̀ tán, tí ẹsẹ̀ ń rì sínú rẹ̀, abàtà ni.

Èwo wá ni erékùṣù? Ẹ bi ara yín bóyá ọkọ̀ ọlọ́pọ́n lè yí ilẹ̀ náà ká kó padà dé ibi tó ti gbéra. Ó ṣeé ṣe pẹ̀lú Ìsàlẹ̀-Èkó, torí náà ó wà lórí erékùṣù. Kò ṣeé ṣe pẹ̀lú Ìkejà. Lẹ́kí ńkọ́? Ọ̀sà wà lápá kan, òkun lápá kejì, ẹnu ọ̀sà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣùgbọ́n ẹ lè fi ẹsẹ̀ rìn jáde kúrò níbẹ̀ lápá ìlà-oòrùn láìgun afárá. Ilẹ̀ tí omi yí ká lápá mẹ́ta ni, kì í ṣe erékùṣù, ohun tó wù kí àwọn tó ń ta ilé kọ sára pátákó. Tí odò ńlá bá ń sún mọ́ òkun, tó wá fọ́nká sí ọ̀pọ̀ ọ̀nà lórí ẹrẹ̀ tó gbé wá, ìyẹn ni dẹ́lítà, irú ti Ọya.

Ní etíkun, ẹ dúró lórí iyanrìn, kí ẹ ju ọsàn yẹn síbi tí ìgbì ti ń fọ́. Ẹ má wọ inú omi tẹ̀lé e. Ní etíkun Èkó, ó máa ń rìn lọ sí apá ìlà-oòrùn díẹ̀díẹ̀, nítorí pé ìgbì ń wá láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ó sì ń ti iyanrìn lọ bẹ́ẹ̀. Láàárín ọdún 1908 sí 1912, àwọn òyìnbó tó ń ṣàkóso kó òkúta jọ ṣe ògiri gígùn wọ inú òkun ní ẹnu èbúté Èkó, kí iyanrìn má baà dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀. Ọkọ̀ ráyè wọlé, ṣùgbọ́n iyanrìn tó ń bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í ká jọ sẹ́yìn ògiri náà. Etíkun apá ìwọ̀-oòrùn ń fẹ̀ sí i. Ti Bar Beach ní ìlà-oòrùn, tí iyanrìn kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́, òkun ń jẹ ẹ́ lọ. Wọ́n ń da iyanrìn síbẹ̀ léraléra, òkun ń kó o. Apá ibi tí òkun ti jẹ náà ni wọ́n wá kún padà láti kọ́ Eko Atlantic. Tí ẹ bá ṣí máàpù fóònù, ẹ máa rí etíkun méjèèjì: wọn ò bára dọ́gba lápá ọ̀tún àti lápá òsì ògiri yẹn.

Bákan náà, òkun máa ń kún, ó sì máa ń fà lójoojúmọ́. Òṣùpá ló ń fà á jù. Ẹ ri igi yín síbi tí omi dé, kí ẹ padà wá wò ó lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà. L'Ékòó, kì í ga ju nǹkan bíi mítà kan lọ.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ wo òkè ọ̀run

Oòrùn ń mú omi òkun gòkè, ó ń di ìkùukùu, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ń gbé e wọ ilẹ̀, ó sì ń rọ̀. Òjò àkọ́rọ̀ ló ń ṣáájú, lẹ́yìn náà òjò ńlá, ó máa ń sinmi díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ lápá gúúsù, àròkúrò sì ń ti í dé. Lẹ́yìn èyí ni afẹ́fẹ́ gbígbẹ máa ń ti ọ̀dọ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà wá, ọyẹ́ nìyẹn. Bí òjò rọ̀ lónìí, ojú ọjọ́ òní nìyẹn. Bí òjò ṣe ń rọ̀ níbẹ̀ láti ọgbọ̀n ọdún wá, ìyẹn ni a fi ń mọ irú ojú ọjọ́ tí agbègbè kan ní. Ẹ gé ọrùn ike kejì, ẹ dojú rẹ̀ dé inú ìyókù, ẹ gbé e síta níbi tí kò sí igi, kí ẹ máa fi rúlà wọn omi inú rẹ̀ láràárọ̀. Ike tí ìdí rẹ̀ tẹ́ ni kó jẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ irọ́ ni rúlà á máa pa.

Níbi tí òjò bá ti pọ̀ tó sì pẹ́, igbó kìjikìji ni. Níbi tí kò bá ti tó bẹ́ẹ̀, ọ̀dàn ni, koríko gíga àti igi tó jìnnà síra. Ẹ má rò pé àríwá nìkan ni ọ̀dàn wà. Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, ó sọ̀ kalẹ̀ dé ẹ̀bá òkun.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ yà á sínú ìwé

Ẹ ya máàpù ibi tí ẹ ti rìn. Ẹ fi ọfà àríwá sókè, kí ẹ fi ìgbésẹ̀ wọn nǹkan: kí ìbú ìka kan dúró fún ọgọ́rùn-ún ìgbésẹ̀, ẹ sì kọ ọ́ sísàlẹ̀. Odò ni kí ẹ kọ́kọ́ yà, lẹ́yìn náà ẹ̀ka rẹ̀, lẹ́yìn náà òkè. Ilé àti títì ni ìkẹyìn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń bẹ̀rẹ̀ láti títì, tí omi kì í wá rí àyè. Ẹ fi àmì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sí abàtà, àpáta, ìsun àti àkùrọ̀, kí ẹ ṣàlàyé àmì kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ gbé e fún ẹni tí kò bá yín rìn, kó fi wá ìsun náà dé ibẹ̀. Ibi tó bá ti ṣìnà ni kí ẹ tún yà. Ẹ kọ oṣù àti ọdún sí igun ìwé náà pẹ̀lú, nítorí pé odò tí ẹ yà ní oṣù Kejì yóò fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa bí ẹ bá padà dé ibẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án.